Kẹ́tùlù Tó Wà Níwájú Ìwé Wa

Mo rántí ìró páànù kí n tó rántí ojú ẹni tó ń lù ú. Ní àdúgbò kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, níbi tí ilé ti fara ti ilé débi pé òrùn kì í kanlẹ̀ títí di ọ̀sán, ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ: ko, ko, ko, á dákẹ́ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di lọ́yà ni, mo wọ bàtà gogoro lọ sí ibi tí gọ́tà ti gba ìdajì ọ̀nà, mo sì gbé báàgì awọ kan dání tí kò sí ohunkóhun nínú rẹ̀ ju bírò méjì àti ìwé òfin kan tí mo rò pé gbogbo ayé ń dúró dè. Ìyá bàbá mi ń gbé ní Olówógbowó, ìrìn rẹ̀ sí ibẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Sàró ni wá, àwa tí a máa ń fi gẹ̀ẹ́sì kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí a sì máa ń mu tíì ní agogo mẹ́rin bí ẹni pé òfin ló ní ká mu ún. Nítorí náà, mo mọ orúkọ gbogbo òpópónà ibẹ̀ láìmọ ẹnì kan nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ìgbìmọ̀ kan ló rán mi. Lọ́yà mẹ́sàn-án ni wá, a máa ń pàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun nínú yàrá kan ní Oníkan, ọ̀rọ̀ òfin ìrísí ọjà la sì máa ń sọ. Kí n ṣàlàyé rẹ̀ kí ó má baà rú yín lójú. Bí èèyàn bá ṣe àga, tàbí ìgò, tàbí àwo, tí ìrísí rẹ̀ jẹ́ tuntun, tí ẹnikẹ́ni kò ṣe irú rẹ̀ rí, ó lè forúkọ ìrísí náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Lẹ́yìn ìyẹn, fún iye ọdún kan, ẹlòmíràn kò ní ẹ̀tọ́ láti ṣe irú rẹ̀ tà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun kan ló le níbẹ̀: ìrísí náà gbọ́dọ̀ ṣì jẹ́ tuntun lọ́jọ́ tí ìwé rẹ̀ bá dé ọ́fíìsì ìjọba. Bí o bá ti fi han gbogbo ayé kí o tó kọ̀wé, ó ti di ti gbogbo ayé nìyẹn. Ẹni tó bá ka ojú ìwé méjì péré nínú òfin náà á ti mọ èyí.

Lọ́dún tí mo ń wí yìí, alága wa ní kí a kọ àfojúsùn wa sílẹ̀, kí ìgbìmọ̀ má baà di ibi tí a kàn ti ń jẹ ẹran díndín. Àgbà lọ́yà ni, irun rẹ̀ ti funfun, bó bá sì ń béèrè omi mímu, ṣe ló máa ń dà bíi pé iwájú adájọ́ ló dúró sí. Àfojúsùn mẹ́ta la kọ. Èkíní ni kí a bá ìjọba sọ̀rọ̀ kí wọ́n tún òfin náà ṣe, nítorí ó ti gbó. Èkejì ni kí a jẹ́ kí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá mọ̀ pé kò dára kí wọ́n máa jí ìrísí iṣẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ṣe tà. Ẹ̀kẹta, èyí tí èmi akọ̀wé fúnra mi mú wá, ni pé kí ọdún tó parí, kí a rí oníṣẹ́ ọwọ́ kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, kí a bá a forúkọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí àwọn yòókù lè rí i kí wọ́n sì tẹ̀lé e. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Mo gbé àtẹ́wọ́ yẹn délé, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé e sùn.

Bàbá tí mo bá lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Láti Ìjẹ̀bú ni bàbá tirẹ̀ ti wá sí Èkó, iwájú ilé tí bàbá náà kọ́ ni sọ́ọ̀bù rẹ̀ sì wà. Páànù ló fi ń ṣiṣẹ́: àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo, agolo òṣùwọ̀n, àtùpà, kẹ́tùlù àlùwàlá. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tó ti lé díẹ̀ ní ọgbọ̀n ọdún, ló jókòó tì í, ó ń fi àlùmọ́gàjí ńlá gé páànù bí ẹni gé aṣọ. Àwọn ará àdúgbò kọ́kọ́ máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé iṣẹ́ ọkùnrin ló ń ṣe, títí yẹ̀yẹ́ náà fi sú wọn. Mo kúnlẹ̀ kí bàbá, mo sì bẹ̀rẹ̀ àlàyé mi pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì ńláńlá tí mo ti há sórí láti ilé. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó wo ọmọ rẹ̀, ó tún wò mí.

“Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kó yé èmi náà. Ṣé ẹnì kan pè wá lẹ́jọ́ ni?”

Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. “Bàbá, wọ́n fẹ́ bá wa kọ orúkọ wa sí iṣẹ́ wa ni, kẹ́nikẹ́ni má lè copy ẹ̀.”

“Ó ti pẹ́ jù,” ni bàbá wí. Ó wá sọ fún mi pé nígbà tí òun wà lọ́dọ̀ọ́, òun ṣe àtùpà kan tó ní ìbòrí kékeré lórí kí atẹ́gùn má lè pa iná rẹ̀. Láàárín ọdún kan, kò sí alágbẹ̀dẹ páànù kan ní Èkó tí kì í ṣe irú rẹ̀, lẹ́yìn náà ló ń ti òkè òkun dé nínú páálí. Bí òun bá sọ fún èèyàn lónìí pé òun lòun kọ́kọ́ ṣe é, wọ́n á ní bàbá ti ń darúgbó. Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú. Ọmọ rẹ̀ ti dìde ní tirẹ̀, ó wọlé lọ, ó sì gbé kẹ́tùlù kan jáde.

N kò mọ nǹkan kan nípa páànù, àmọ́ mo mọ̀ pé n kò rí irú ohun tí mo ń wò yẹn rí. Kẹ́tùlù àlùwàlá tí gbogbo wa mọ̀ ní ọrùn gíga àti ọwọ́ ìdìmú kan. Èyí kúrú, ìdí rẹ̀ fẹ̀, ó ní ọwọ́ ìdìmú méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí etí ìkòkò, ẹnu rẹ̀ gùn, ó sì tẹ̀ sílẹ̀ wẹ́rẹ́. Wọ́n ti lu ọnà ewé yí ikùn rẹ̀ ká láti inú, ọ̀kan tẹ̀lé ọ̀kan. Bàbá ló ṣe é fún ìyàwó rẹ̀ nígbà tí ọwọ́ ìyàwó náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí omi àlùwàlá fi ń dà sí i lára láàárọ̀ kùtù. Ọmọ wọn ló máa ń di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú, òun ló sì sọ fún bàbá pé ọwọ́ méjì ni kẹ́tùlù yìí nílò, kì í ṣe ọwọ́ kan. Mẹ́fà ló bàjẹ́ kí èyí tó gún. Ìyá náà fi ṣe àlùwàlá fún ọdún mẹ́ta, láìbẹ ẹnikẹ́ni, kí Ọlọ́run tó pè é.

Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kejì, tí bàbá ti gbọ́ ilé tí mo ti jáde ní Olówógbowó, ó ṣíwọ́ fífi ẹ̀yin pè mí, ó ní mo ti di ọmọ òun. Ó ní kí n jókòó, ó sì sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ fún mi. “Sọ́ọ̀bù yìí, ti ẹbí ni. Ọjọ́ tí mo bá kú, àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á ní kí ọmọbìnrin dìde níbẹ̀. Kò ní sọ́ọ̀bù mìíràn, kò sì ní ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Àmọ́ tí ìwé ìjọba bá wà pé tèmi àtòun nìrísí yìí, ibi yòówù kó jókòó sí, iṣẹ́ rẹ̀ ni. Wọn ò lè sọ pé iṣẹ́ bàbá ẹlòmíì ló ń ṣe. Kọ orúkọ àwa méjèèjì sí i, jọ̀ọ́.” Mo kọ orúkọ àwọn méjèèjì. Mo wá kìlọ̀ fún un, pẹ̀lú ìka ìfábẹ̀là lókè bí olùkọ́, pé títí ìwé náà yóò fi dé ọ́fíìsì ìjọba, kò gbọdọ̀ tà á, kò sì gbọdọ̀ fi han ẹnikẹ́ni, ì báà ṣe aládùúgbò.

Bàbá gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ju bó ṣe yẹ lọ. Ó fi aṣọ bo kẹ́tùlù náà, ó gbé e sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Oṣù àwẹ̀ dé, ìgbà tí kẹ́tùlù àlùwàlá máa ń tà jù lọ, kò sì ṣe ẹyọ kan irú rẹ̀ tà. Àwọn àgbààgbà mọ́ṣáláṣí tó ti gbọ́ nípa ti ìyàwó rẹ̀ wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe irú ẹ̀ fáwọn nítorí ọwọ́ tó ń gbọ̀n. Ó ní kí wọ́n ṣe sùúrù, lọ́yà òun ò tíì gbà. Ọmọ rẹ̀ máa ń fi í ṣe ẹ̀fẹ̀ pé bàbá ń ṣọ́ kẹ́tùlù ju bó ṣe ṣọ́ òun nígbà tóun jẹ́ wúńdíá. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ ni mo máa ń padà bọ̀ pẹ̀lú ìdùnnú, tí mo máa ń sọ fún ara mi pé ẹ wo bí òfin ṣe ń wọ Ìsàlẹ̀ Èkó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe láìfi nǹkan kan bò. Fọ́ọ̀mù ti parí lọ́wọ́ mi, ó wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi, ó ku kí bàbá àti ọmọ rẹ̀ fọwọ́ sí i kí a sì fi ránṣẹ́. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni. Àmọ́ mo rò ó pé tí wọ́n bá fọwọ́ sí i ní sọ́ọ̀bù, ta ló máa rí i? Ìgbìmọ̀ ti ń múra ìpàdé ńlá kan sílẹ̀ ní Oníkan, níbi tí a ti máa gbé àfojúsùn wa kalẹ̀ fún àwọn èèyàn. Mo ní kí ó jẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti máa fọwọ́ sí i, lórí pèpéle, kí àwọn oníròyìn ya fọ́tò. Alága ní ọpọlọ mi pé. A wá tẹ ìwé kékeré kan tí a kọ àfojúsùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí. Ìwé náà kò wù mí, ọ̀rọ̀ nìkan ló kún inú rẹ̀. Mo bá mú fọ́tò kẹ́tùlù tí mo fi fóònù yà ní sọ́ọ̀bù bàbá, mo ní kí àwọn atẹ̀wé gbé e sí iwájú ìwé náà gbàgàdà. Ó rẹwà. Oṣù kan gbáko ṣáájú ìpàdé la ti fi ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí a fẹ́ pè, pàápàá àwọn ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọjà oníke, nítorí àfojúsùn kejì.

Ní ojú ìwé kẹrin ìwé yẹn kan náà, èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ forúkọ ìrísí iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ kọ́kọ́ fi han àwọn èèyàn. Lọ́yà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló ka ìwé náà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. A jiyàn lórí ibi tó yẹ kí kọ́mà wà. Kò sí ẹnì kan nínú wa tó wo iwájú rẹ̀ fi ojú lọ́yà wò ó. Àwọn àgbà ní ẹni tí a ní kó fẹ́ ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń rò pé ẹni burúkú ni wọ́n ń fi òwe yẹn bá wí.

Ìpàdé náà dùn. Bàbá wọ agbádá funfun, ọmọ rẹ̀ wọ bùbá aláwọ̀ ewé, wọ́n gun orí pèpéle, wọ́n fọwọ́ síwèé, àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Wọ́n fún bàbá ní ìwé àfojúsùn wa, ó rí kẹ́tùlù ìyàwó rẹ̀ níwájú rẹ̀, ó sì gbé e mọ́ àyà. Kò mọ̀ pé ìwé náà ti wà níta láti oṣù kan sẹ́yìn. Ó rò pé ọjọ́ yẹn ló jáde ni. A fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Nígbà tí ìwé ẹ̀rí ìjọba dé, tí orúkọ àwọn méjèèjì wà lórí rẹ̀, bàbá ní kí wọ́n bá òun fi gíláàsì sí i, ó sì gbé e kọ́ sókè orí ọmọ rẹ̀, níbi tó máa ń jókòó ṣiṣẹ́. Èmi náà ya fọ́tò níbẹ̀.

Kò pé oṣù mẹ́rin lẹ́yìn ìpàdé ni mo lọ ra ìgbín ní ọjà Sandgrouse fún ìyá mi. Obìnrin tó ń ta ìgbín fọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò nínú ọ̀yọ̀ kó tó gba owó, mo sì wo ohun tó fi ń da omi. Kẹ́tùlù oníke ni, aláwọ̀ ewé, ó kúrú, ó ní ọwọ́ ìdìmú méjì, ẹnu rẹ̀ tẹ̀ sílẹ̀, ewé yí ikùn rẹ̀ ká. Mo bi í níbi tó ti rà á. Ó ní, “Ó ti kún ìta, àǹtí. Ó dáa gan-an, ó ń rọ àwọn arúgbó lọ́rùn.” Mo gbàgbé ìgbín sílẹ̀ níbẹ̀, àfìgbà tó ránṣẹ́ pè mí padà.

Inú bí mi. Kí n sọ òótọ́, inú mi tún dùn díẹ̀, nítorí mo ti rí ẹjọ́ gidi. Mo kọ lẹ́tà olójú ewé márùn-ún sí ilé iṣẹ́ tó ṣe kẹ́tùlù oníke náà, mo fi gbogbo òfin tí mo mọ̀ halẹ̀ mọ́ wọn. Lọ́yà wọn dá mi lóhùn pẹ̀lú ìlà mẹ́rin. Ó ní ìrísí náà kì í ṣe tuntun mọ́ lọ́jọ́ tí a kọ̀wé sí ìjọba, nítorí pé ìgbìmọ̀ wa fúnra rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ jáde, ó sì ti fi ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà òun, ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣáájú. Bí a bá lọ sílé ẹjọ́, àwọn á ní kí adájọ́ fagi lé ìwé ẹ̀rí náà. Ó fi ìwé àfojúsùn wa kan sínú àpòòwé. Wọn kò kọ nǹkan kan sí i lára. Wọ́n kàn fi kẹ́tùlù yẹn kọjú sí mi.

Mo gbé e lọ bá alága. Ó kà á, ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. Ó wá ní, “Ọmọ mi, fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. A ò ní lọ sí court. Má sì sọ fún bàbá yẹn pé àwa la fà á. Tí ìròyìn bá gbé e pé committee tó ń dáàbò bo design ló tú design síta, a ti parí nìyẹn. Sọ fún wọn pé à ń ṣe ìwádìí.” Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó ṣàánú bàbá, ó tilẹ̀ ní kí a wá nǹkan kan fún un nígbà ọdún. Mo ní, “Ẹ ṣé, sà,” mo sì ká lẹ́tà náà sínú báàgì mi.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ sí Ìsàlẹ̀ Èkó. Kẹ́tùlù oníke ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi, ọ̀kan wà nílẹ̀ láàárín bàbá àti ọmọ rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń lu páànù. Bàbá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ti ro ọ̀rọ̀ náà já, ó kàn jẹ́ pé ibi tó já sí ni kò dára.

“Lọ́yà, iṣẹ́ oníke kì í yá báyìí,” ni ó wí. “Mo mọ àwọn tó ń gbẹ́ mọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń yọ ike. Kí wọ́n tó lè kó irú èyí jáde lásìkò yìí, wọ́n ti rí i kí a tó fọwọ́ síwèé. Ẹnì kan ló fi hàn wọ́n. Àwa méjì péré la sì mọ ibi tó wà.”

“Bàbá, mo fi Ọlọ́run búra, mi ò fi han ẹnikẹ́ni.”

“Ọ̀rẹ́ ẹ ńkọ́, èyí tó ń ta ike ní Ìdúmọ̀tà? Kí ló wá ń ṣe níbí nínú àwẹ̀?”

“Ó wá bá mi ṣínu ni, Bàbá. Inú pálọ̀ ló jókòó sí.” Ó yíjú sí mi. Ojú rẹ̀ ti wú. “Àǹtí lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ṣé kò sí ọ̀nà míì tí wọ́n lè gbà rí i ni?”

Lẹ́tà náà wà nínú báàgì mi, báàgì náà wà lórí itan mi. Mo ní, “Ẹ fara balẹ̀ ná. À ń ṣe ìwádìí.”

Bàbá mirí bí ẹni pé mo ti gbè é lẹ́yìn. Ọmọbìnrin náà wò mí fún ìgbà díẹ̀, ó sì gbé àlùmọ́gàjí rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé páànù. Mo rìn padà sí Olówógbowó lọ́dọ̀ ìyá bàbá mi, mo mu tíì, mo jẹ kéèkì. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀rọ̀ bàbá àti ọmọ ni, ara wọn á rọlẹ̀, kò sí bí ọ̀pọ̀lọ́ ṣe ń bú ọmọ rẹ̀ tí kò ní padà gbé e pọ̀n. N kò mọ ibi tí mo ti rí òwe yẹn. Mo rò pé ìbẹ̀rù ló kọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni n kò fi dé ibẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo padà lọ, bàbá nìkan ló jókòó. Ọmọ rẹ̀ ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Ìkòròdú. Bàbá ní òun kò lé e. Òun kàn sọ fún un pé òun kò lè máa bá ẹni tó ta iṣẹ́ ìyá rẹ̀ jókòó pọ̀. Ó ti gbẹ. Àrọ tó ń ṣe lọ́wọ́ ti wọ́, èmi tí n kò mọ iṣẹ́ rí i pé ó ti wọ́. Mi ò lè gbé e mọ́ra mọ́. Mo yọ lẹ́tà jáde, mo yọ ìwé àfojúsùn wa jáde, mo kúnlẹ̀ sórí símẹ́ǹtì, mo sì ka ọjọ́ tí a fi ìwé náà ránṣẹ́ àti ọjọ́ tí ó fọwọ́ síwèé fún un. Mo ní, “Bàbá, èmi ni. Ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti rí i. Èmi ni mo fi síwájú ìwé.”

Mo ń retí èpè. Ó gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó wo fọ́tò yẹn títí.

“Ọmọ mi kọ́?”

“Òun kọ́, sà.”

“Ọmọ mi kọ́,” ni ó tún wí, kì í ṣe pé ó ń béèrè mọ́. Kò bi mí nípa ìwé ẹ̀rí. Kò bi mí nípa ilé iṣẹ́ oníke. Ó gbé ọmọ owú rẹ̀ sílẹ̀, ó mú fìlà, ó ní kí n gbé òun lọ sí Ìkòròdú lójú ẹsẹ̀.

A bá a níbi tí wọ́n ti ń ṣe wíńdò, ó ti gba iṣẹ́ síbẹ̀, irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló ń gé. Ó kúnlẹ̀ kí bàbá rẹ̀ dáadáa. Mo sọ gbogbo rẹ̀ tán. Bàbá ṣí fìlà kúrò lórí, àgbàlagbà tó ju àádọ́rin ọdún lọ, ó ní, “Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi. Máa bọ̀ nílé.” Ọmọbìnrin náà nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ aṣọ, ó ń nù ún bí ẹni pé kò ní mọ́.

“Bàbá, mo ti dárí jì yín. Bàbá mi lẹ jẹ́. Àmọ́ mi ò ní lè padà. Mo fi Ọlọ́run búra fún yín, mo fi ìyá mi tó wà ní sàréè búra fún yín, ẹ ò gbà mí gbọ́. Àǹtí yìí sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ẹ sì gbé fìlà yín lọ́jọ́ náà gan-an.”

Ọmọbìnrin náà wá yíjú sí mi, kò pariwo, ó béèrè bí ẹni tó kàn fẹ́ mọ̀. “Àǹtí lọ́yà, ọjọ́ tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ bá mi sọ̀rọ̀, ṣé ẹ ti mọ̀?”

Mo ní mo ti mọ̀. Ó mi orí, ó ní kí a jókòó, ó lọ bu omi wá fún wa.

Kò padà sí Ìsàlẹ̀ Èkó títí bàbá fi kú, èyí tí kò tó ọdún méjì sí i. Ó máa ń pe bàbá lórí fóònù, ó ń fi oúnjẹ ránṣẹ́ nígbà ọdún, àmọ́ kò jókòó sí sọ́ọ̀bù yẹn mọ́, bàbá kò sì ṣe kẹ́tùlù olọ́wọ́ méjì kankan mọ́. Ó dé síbi ìsìnkú, ó ṣe gbogbo ohun tí ọmọ ń ṣe. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ti fi àgádágodo tiwọn sí sọ́ọ̀bù náà kí wọ́n tó gbé òkú jáde nílé. Mo dúró lẹ́yìn àwọn èèyàn. Mo sunkún, àmọ́ mo mọ̀ pé kò sí ẹni tí ẹkún mi ń ṣe ní àǹfààní níbẹ̀.

Èmi ni alága ìgbìmọ̀ náà báyìí. Àfojúsùn wa ti di márùn-ún, a sì ti bá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tó pọ̀ forúkọ sílẹ̀, gbogbo wọn ní sọ́ọ̀bù tiwọn, láìsí àtẹ́wọ́. Èyí dára, n kò ní sọ pé kò dára. Lọ́dọọdún, tí àwọn lọ́yà ọ̀dọ́ bá wọlé, mo máa ń sọ ìtàn fọ́tò tó wà níwájú ìwé wa fún wọn, kí wọ́n má baà ṣe irú rẹ̀. Mo mọ ibi tí mo ti máa dánu dúró kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín, ibi tí lọ́yà mẹ́sàn-án ti ń jiyàn lórí kọ́mà. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín gan-an. Mo máa ń fi ara mi ṣe ẹlẹ́yà níbẹ̀, wọ́n sì máa ń sọ pé mo nírẹ̀lẹ̀. Ti fọ́tò, àṣìṣe ni, kò sì nira láti jẹ́wọ́ àṣìṣe lẹ́yìn ogún ọdún. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin yẹn bẹ̀ mí kì í ṣe àṣìṣe, mo mọ ohun tí mo ń ṣe.

Lọ́dún yìí, ọ̀kan nínú wọn béèrè lọ́wọ́ mi pé kí ló ṣẹlẹ̀ sí bàbá náà. Mo ní ó ti kú, kí Ọlọ́run dẹlẹ̀ fún un. Ó ní, “Ẹ̀yà, mà.” Kò béèrè ọmọ rẹ̀, kò sí ẹni tó béèrè rẹ̀ rí. Bí mo ṣe máa ń sọ ìtàn náà fún wọn, bàbá yẹn kò bímọ.